Ẹ kó fọ́tò ìsinmi yín wá, kí ẹ sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i

Ọmọ Ọjà Ọba (Àkúrẹ́)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ti wọ iléèwé padà, àwọn tó rìnrìn-àjò ti dé, mo sì mọ̀ pé fọ́tò kún inú fóònù yín. Ẹ jẹ́ ká kó wọn síbí: òkè, odò, igbó, ẹyẹ, òdòdó, ibikíbi tí ẹ lọ fi ara yín sinmi sí. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti yà á, oṣù àti ọdún tí ẹ yà á, àti ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Lọ́dún tó kọjá, fọ́tò tó lé ní 200 la kó jọ. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n láìpẹ́ yìí, mi ò mọ ibi tí ìdajì wọn ti wá. Ó dùn mí gan-an.

Kí n tó pe yín, tèmi rèé. Òkè Ìdànrè, oṣù kẹjọ, aago méje àárọ̀. Ìrì ò tíì gbẹ. Kùrukùru bo gbogbo ìsàlẹ̀, orí àwọn àpáta nìkan ló yọ, bí ẹ̀yìn ẹfọ̀n tó ń wẹ̀ lódò. Láti Àkúrẹ́ débẹ̀ kò ju kìlómítà 20 àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń gbé Àkúrẹ́ nìyí kí n tó rí i láàárọ̀ kùtù.

Ìyá Ẹniọlá
Ẹ ṣé o, bùrọ̀dá wa. Àwa náà lọ síbẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Àtẹ̀gùn yẹn pọ̀! Àkọ́bí mi ń kà á bí a ṣe ń gùn ún, ó ní 674. Àbúrò rẹ̀ náà ń kà, ó ní 690. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí a fi délé. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè.

Fọ́tò mẹ́ta ni mo gbé wá, gbogbo wọn oṣù kẹjọ ọdún yìí. Èkíní, àbíkẹ́yìn mi níbi ìsinmi kejì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó di ike omi mú. Èkejì, àgbàlá ààfin Ọwá lókè. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: iléèwé àtijọ́ tó wà lórí òkè. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Màmi, ṣé àwọn ọmọ ń gòkè wá síléèwé ni?" Mo ní rárá o, òkè gan-an ni ilé wọn.

Ọmọ Aládé
Ẹ kú ewu òkè gígùn, Ìyá Ẹniọlá. 682 ni iye àtẹ̀gùn tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìtẹ́lẹ̀ tó wà níbi ìsinmi mọ́ ọn, tirẹ̀ á lé, ẹni tó bá sì fo àwọn tó ti jẹ, tirẹ̀ á dín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

Ohun tí ẹ sọ fún ọmọ yẹn dára. Orí òkè làwọn baba ńlá wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò tíì ju bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ìlú sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ààfin, kọ́ọ̀tù, iléèwé àti sàréè lókè. Ẹni tó bá fẹ́ rìn síwájú sí i á dé ibi àmì ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta, tí a ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn, àti omi tí a ń pè ní Omi Àpáàrá. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ Òkè Ìdànrè sára àwọn ibi tí wọ́n lè kà mọ́ ogún àgbáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan: tí ẹ bá dé ojúbọ, ẹ bi ẹni tó ń mú yín káàkiri kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ibòmíràn wà tí wọn ò ní kí a yà. Tó bá ní kí ẹ má yà á, ẹ gbà fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ìdànrè náà ni, oṣù keje, lẹ́yìn òjò. Ojú àpáta dúdú ni ẹ ń rí, tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò nípọn ju bébà lọ. Ẹ wo àárín, lápá òsì díẹ̀. Nǹkan kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ àpáta yẹn, tó ní ìrù, légbénlègbé ni. Inú odò kọ́ ló wà o, ara àpáta lọ́rìnrìn ló wà.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a ò rí níbòmíràn láyé àfi lórí Òkè Ìdànrè. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn onímọ̀ ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di 2013. Àádọ́ta ọdún! Légbénlègbé tirẹ̀ ló máa ń dàgbà lójú àpáta tí omi ń ṣàn lé lórí báyìí. Mi ò lè búra pé òun ni èyí tí mo yà yìí, mo ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa kó bá mi wò ó. Wákàtí kan gbáko ni mo fi dọ̀bálẹ̀ sórí àpáta tútù nítorí rẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. A tẹ irú àpáta yẹn kọjá, a ò tiẹ̀ wo ilẹ̀. Nígbà mìíràn tí a bá lọ, àwọn ọmọ yìí á mọ̀ pé ẹ̀dá wà níbẹ̀.

Ayàwòrán Alágbàká
Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹ, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Fọ́tò tí ọmọ FUTA yìí yà dára ju bó ṣe rò lọ. Ó mú fóònù sún mọ́ ohun tó ń yà, kò dúró lókèèrè kó wá máa fa àwòrán gùn. Tí ẹ bá fa á gùn jù, gbogbo rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́.

Àwọn fọ́tò tí ẹ ń gbà láti orí WhatsApp kí ẹ tó gbé wọn wá síbí, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n mọ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, bí ẹ ṣe ń fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, ẹ má fi í lọ bíi fọ́tò. Ní ti oòrùn, láàárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan máa ń pa ojú òkè pọ̀ ni, kò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi tó tẹ̀ àti ibi tó yọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó yà, eruku á ti bò ó láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣì ń dùn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo gbé fọ́tò òkè kan tí mo yà sórí Facebook. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo kọjá níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan, mo rí fọ́tò mi lára pátákó wọn, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Wọn ò bi mí, wọn ò kọ orúkọ mi sí i. Nígbà tí mo wọlé lọ bá wọn, wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú níbí, ẹ bi í kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó gun òkè kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí rẹ̀ ló ni ín.

Ọmọ Ọjà Ọba
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Láti òní lọ, fọ́tò tó bá wọ ibí, ti ẹni tó yà á ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ tọrọ.

Àgbẹ̀ Oníkòkó
Mo kí gbogbo ilé. Èmi ò lọ ìsinmi kankan, inú oko kòkó mi ni mo ti ya tèmi, ní oṣù kẹsàn-án. Ẹyẹ ni, fọ́tò méjì. Ó wá jẹ èso lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí mo fi sílẹ̀ kó máa ṣíji bo kòkó. Mo ní agbe ni, ìyàwó mi ní àlùkò ni. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé agbe ló laró, àlùkò ló lósùn, àmọ́ tí ẹyẹ bá wà lókè tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń mọ aró yàtọ̀ sí osùn?

Ibi tí mo ti yà á: ọ̀nà Oǹdó. Ẹ dárí jì mí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ìtẹ́ sítòsí, mo sì mọ àwọn ọmọ tó ń ta kànnàkànnà ládùúgbò wa.

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Oníkòkó, ìyàwó rẹ ló jàre. Wo apá rẹ̀ nínú fọ́tò kejì níbi tó ti fẹ́ fò: inú ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Iwájú orí rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè tó ti pọ́n. Àlùkò nìyẹn. Agbe tóbi jù ú lọ dáadáa, aró ló kún ara rẹ̀, ó ní òṣùṣù ìyẹ́ dúdú lórí, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ṣóńṣó rẹ̀ sì pupa. Tí agbe bá fò, o ò ní rí osùn lápá rẹ̀. Ní tèmi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í wò ó tó bẹ́ẹ̀, igbe rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀.

Àgbẹ̀ Oníkòkó
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti ka èsì yín sókè fún ìyàwó mi, ó ní kí n bá òun kí yín.

Ọmọ Ọjà Ọba
Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ yìí mú mi ronú. Èmi ni mo ní kí gbogbo ènìyàn kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò. Òkè kò ṣeé jí gbé, a lè dárúkọ rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹyẹ àti ẹranko kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í síbí: tó bá jẹ́ ohun abẹ̀mí tí ènìyàn lè pa tàbí tà, ìlú tàbí ọ̀nà tó wà ti tó, ká má ṣe sọ igi tó wà lórí rẹ̀.

Ayàwòrán Alágbàká
Kí ẹ sì mọ̀ pé fóònù fúnra rẹ̀ ń kọ ibi tí ẹ wà sínú fọ́tò. Ẹni tó bá gbọ́n á tú u síta, á rí oko yín lórí máàpù. Ẹ lọ sínú sẹ́tìn kámẹ́rà yín, ẹ pa lókéṣọ̀n kí ẹ tó ya irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Dúpẹ́ ní Jámánì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ Oǹdó ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débí. Fọ́tò tèmi: òkè Brocken ní agbègbè Harz, oṣù kẹjọ, mítà 1,141 ni gíga rẹ̀. Kùrukùru bò ó bíi ti Ìdànrè tí bùrọ̀dá wa yà, ọkàn mi fà sílé nígbà tí mo rí i.

Mo fẹ́ kí ẹ wo fọ́tò kejì dáadáa. Kì í ṣe òkè, pátákó kékeré lásán ni, lẹ́bàá igi kan. Orúkọ igi náà ló wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn lọ nínú igbó yẹn, mo ń mọ orúkọ igi Jámánì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo gbìyànjú láti ka igi tó wà nínú àgbàlá ilé wa ní Oǹdó: ìrókò, ọ̀sàn, mángòrò, àgbálùmọ̀, ó kù mẹ́ta tí mi ò mọ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó dárúkọ méjì, ó ní baba òun ló mọ ẹ̀kẹta, baba náà sì ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ bá ya igi, ẹ bi àwọn àgbà lórúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ẹ gba mi láàyè, ṣé ẹnikẹ́ni ní fọ́tò Ihò Eléérú ní Ìsàrun? Ibẹ̀ ni wọ́n ti wú agbárí ènìyàn kan jáde ní 1965, tó ti lé ní ọdún 11,000 nínú ilẹ̀. Kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá.

Ọmọ Ọjà Ọba
Mi ò ní. Ẹni tó bá ní i kó gbé e wá, jọ̀ọ́.

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Ó kàn mí wàyí. Èmi kì í lo fóònù ya nǹkan, tèmi wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi fi fóònù yà wọ́n kó lè hàn níbí. Èyí tí ẹ ń wò yìí, omi Ìkógòsì ni, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Èmi ni mo wọ ṣòkòtò sọ́ọ̀tì, àwọn yòókù akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní kí ọmọ náà ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bírò búlúù ni mo fi kọ ọ́: "Ìkógòsì, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, April 1988. Ọmọ 32. Omi gbóná ní apá ọ̀tún."

Ìyá Ẹniọlá
Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú, ṣebí Èkìtì ni Ìkógòsì wà?

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Èkìtì ni lónìí, ọmọ mi. Láti 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, inú rẹ̀ ni Èkìtì wà, àfìgbà tó di October 1996 tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn fọ́tò, òótọ́ ni mo kọ. Bí mo bá kọ ibi, tí mi ò kọ ọdún, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ì bá sọ pé Tísà ò mọ jọ́gíráfì.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ọ̀rọ̀ Bàbá ló mú kí n sọ̀rọ̀. Mo ti ń ka gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbé tèmi wá, nítorí kì í ṣe fọ́tò ìdùnnú.

Fọ́tò méjì ni. Ayétòrò, létí òkun wa. Ní 1947 ni àwọn Kristẹni kan tẹ ìlú náà dó, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ní ohun gbogbo. Èkíní, mo yà á ní oṣù kejìlá 2009, nígbà tí mo mú ìyàwó mi wá sílé fún ọdún Kérésì. Ó dúró sí iwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ilé mìíràn wà níbẹ̀, àwọ̀n ẹja sá sórí igi, àgbọn méjì dúró, lẹ́yìn ìyẹn ni yanrìn kó tó di òkun. Tí ènìyàn bá ń rìn láti ẹnu ọ̀nà yẹn lọ bá omi, á rẹ̀ ẹ́.

Èkejì, mo yà á ní oṣù kẹrin ọdún yìí. Ibi kan náà ni. Òkun lẹ ń wò. Mo dúró nínú ọkọ̀ ojú omi kí n tó lè yà á, nítorí ibi tí mo dúró sí ní 2009 kò sí mọ́. Bí ẹ bá wo apá ọ̀tún dáadáa, ẹ óò rí igi kan tó yọ orí nínú omi. Òpó ilé ni.

Ọmọ mi ò gbà pé ilẹ̀ wà níbẹ̀ rí. Fọ́tò 2009 yẹn ni mo fi hàn án.

Ìyá Ẹniọlá
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo sunkún. Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé.

Dúpẹ́ ní Jámánì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò 2009 yẹn sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ fi sórí Google Drive, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fún ẹbí mìíràn ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ayàwòrán Alágbàká
Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹ bá wà ní Àkúrẹ́. Màá tẹ méjèèjì fún yín sórí bébà tó dára, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mẹ́mọ́rì káàdì kan ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbéyàwó méjì nínú rẹ̀. Ohun tó wà lójú kan ò tíì wà.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Ọmọ Ìlàjẹ, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò lè sùn. Mo dìde, mo da gbogbo fọ́tò inú páálí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò kọ nǹkan kan sí lẹ́yìn. Mo gbé e wá: ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún, èmi ni ẹnìkejì láti apá òsì. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn wa, omi ti fa ìlà dúdú gùn láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo dúró lápá ọ̀tún, igi mángòrò wà lápá òsì. Nínú àwa márùn-ún, èmi nìkan ló kù. Mo mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ibi tí a wà.

Ọmọ Aládé
Bàbá, ẹ fún mi láàyè kí n wò ó dáadáa. Ìlà dúdú yẹn jọ èyí tó wà lára àpáta kan ní ìsàlẹ̀ Ìdànrè níbí, ní apá ibi tí a ti ń rí Òkè Orósùn. Ọ̀kadà lè gbé mi débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó di Sátidé.

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Mò ń retí rẹ, ọmọ mi.

Ọmọ Aládé
Bàbá, mo ti lọ. Ibẹ̀ ni. Mo gbé fọ́tò yín sójú fóònù kan, mo fi fóònù kejì yà á, mo ń sún sẹ́yìn sún síwájú títí ìlà dúdú náà fi bá tiyín mu. Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pẹ náà kò sí mọ́, ilé búlọ́ọ̀kù kan ló wà níbẹ̀. Igi mángòrò ṣì wà, ó ti tóbi débi pé ẹ̀ka rẹ̀ bo ibi tí ẹ dúró sí. Mo bi ìyá àgbà tó ní ilé náà, ó ní òun bá mángòrò náà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wá. Ó fún mi ní mẹ́rin nínú èso rẹ̀ tó kù, ó ní kí n gbé méjì fún yín. Ọjọ́ Ajé ni màá wọ Oǹdó.

Bàbá Tísà (Oǹdó)
Mo ti mú bírò. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn: "Ìdànrè, lábẹ́ igi mángòrò. Ọmọ Aládé ló bá mi wá a rí." Àyè ọdún ni mo fi sílẹ̀. Màá bi opó ẹnìkẹta láti apá òsì, ó ṣeé ṣe kó rántí.